Bàbá Bondo àti Tíńtì Onídígí

"Bàbá Bondo, ṣé ẹ mọ̀ pé à ń rí yín?"

Ìbéèrè tí Tekle bi bàbá náà nìyẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà látorí ibùsùn, ó tún un rò bó ṣe ń fọ ẹnu, ó sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá, nítorí Tekle kì í ṣe ọmọ tó máa ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Bàbá Bondo wò ó. Ó gbójú sókè, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígíláàsì tirẹ̀ tó ń kọ mànà nínú oòrùn. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó kó èso àjàrà gbígbẹ jáde, ó sì dà á sí i lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi," ló wí. "Ẹni tó ń jẹun kì í béèrè ọ̀rọ̀."

Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó fa ìbéèrè yìí ni ìtàn tí gbogbo ará àdúgbò Sololaki fi ń rántí Bàbá Bondo títí dòní. Ilé àtijọ́ ni ilé wọn, ó yí àgbàlá ká lọ́nà mẹ́ta. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi kan yí gbogbo rẹ̀ po, gíláàsì ni wọ́n sì fi bo ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, òmíràn funfun, òmíràn pupa, òmíràn búlúù. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ni apá tirẹ̀. Ó lẹ́wà púpọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tún gbóná bíi kòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

Nítorí ooru yìí ni Bàbá Bondo ṣe lẹ tíńtì onídígí mọ́ gíláàsì apá tirẹ̀, ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan tó ń dán bíi fàdákà. Nígbà tó parí, ó pe gbogbo ará ilé jáde sí àgbàlá ní ọ̀sán gangan.

"Ẹ gbójú sókè! Kí lẹ rí?"

"Ara wa ni a rí," Ìyá Tsiala dáhùn, ìyẹn ìyá àgbà Tekle.

"Èmi ńkọ́ tí mo bá wọlé? Ẹ ò ní rí mi. Èmi á máa rí yín o, ẹ̀yin ò ní rí mi. Ta ló tún rí bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe Ọlọ́run?"

"Ọlọ́run kì í wọ sálúbàtà tó ti já," Murtaz, tí wọ́n jọ ń gbélé, wí látẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà tí Bàbá Bondo ò mọ̀. Tíńtì onídígí kì í bo ẹnikẹ́ni títí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú òkùnkùn ló máa ń gbè. Lọ́sàn-án, ìta ló mọ́lẹ̀ jù, ẹni ìta ò lè rí inú. Tí ilẹ̀ bá wá ń ṣú, tí èèyàn sì tan iná sínú ilé, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn: ẹni inú ilé á máa wo ara rẹ̀ bí ẹni dúró níwájú dígí, gbogbo ayé á sì máa wo òun náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Bondo tan iná. Òun ni tamada àdúgbò, ẹni tí wọ́n máa ń fi sídìí tábìlì àsè láti sọ̀rọ̀ ìyìn kí àwọn èèyàn tó gbé wáìnì sẹ́nu, kò sì sí tamada gidi tí kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, pátá gígùn olódòdó, àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún. Ìwo tí wọ́n fi ń mu wáìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ló wà nínú rẹ̀. Ó fi ìka tún irun ètè rẹ̀ ṣe níwájú gíláàsì. Ó fa ikùn rẹ̀ wọlé. Ikùn náà kọ̀.

Nísàlẹ̀, Ìyá Tsiala ń ká aṣọ lórí okùn, Murtaz sì ń nu ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí òtútù ti lọ. Murtaz ló kọ́kọ́ rí i. Ó dúró, ó sì gbàgbé ìjà.

"Màmá," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú sókè."

Ibì kan ṣoṣo tí èèyàn ti lè rí gbogbo rẹ̀ dáadáa ni àtẹ̀gùn onírin tó wà láàárín àgbàlá. Ibẹ̀ làwọn méjèèjì jókòó sí, Tekle sì há sáàárín wọn. Fèrèsé kékeré òkè ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, gbogbo ohùn sì ń bọ́ sí wọn létí.

"Mo gbé ìwo yìí fún Murtaz," Bàbá Bondo ń wí fún àwòrán ara rẹ̀, "ọkùnrin tó lọ́kàn ńlá. Ikùn rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí a rí ọkàn náà."

Ìyá Tsiala ki aṣọ tútù bọnu kí ẹ̀rín má bàa jáde.

"Mo tún gbé e fún Tsiala, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ rẹ̀ lọ, ọ̀bẹ rẹ̀ náà kò sì kújú!"

"Irọ́ ló pa ni, Màmá?" Murtaz béèrè.

Níkẹyìn, inú Bàbá Bondo dùn sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ débi pé ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi ẹnu ko àwòrán rẹ̀ lẹ́nu lórí gíláàsì. Ẹnu náà fẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì kọjú sí Ìyá Tsiala gan-an níta. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú," ó wí, "ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

Kí wọ́n tó dìde, gbogbo àgbàlá ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún bàbá. Ẹni tó bá sọ fún un ti ba eré jẹ́. Ẹ wá rí i pé ìgboyà ńlá ni Tekle lò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lò ó.

Kò tilẹ̀ jọ pé ìbéèrè náà ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, iná tàn, Bàbá Bondo tún jáde pẹ̀lú ìwo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn yẹn.

Ìjà tó wà láàárín Ìyá Tsiala àti Murtaz kì í ṣe ìjà kékeré. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta fèrèsé oníke ti wá bá ará ilé pé àwọn á wó gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi náà, àwọn á sì fi ike funfun rọ́pò rẹ̀. Murtaz ní kí wọ́n wá lọ́la. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa sun ara rẹ̀ lọ́sàn-án, kó tún máa gbọ̀n nígbà òtútù. Ìyá Tsiala ní orí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ wó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni, òrùlé kan náà ló bò ó. Bí gbogbo ìdílé ò bá fohùn ṣọ̀kan, wọn ò lè wó o, wọn ò sì lè tún un ṣe. Igi ń jẹrà, ìjà ń lọ. Tekle, tí wọ́n bí sábẹ́ gíláàsì pupa yẹn, máa ń gbọ́ wọn, á sì lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì náà bí ẹni ń wo aláìsàn.

Bàbá Bondo ní tirẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò le: tíńtì ló máa yanjú rẹ̀. Gbogbo nǹkan láyé yìí, tíńtì ló máa ń yanjú rẹ̀ lójú tirẹ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lẹ tíńtì dúdú mọ́ ọkọ̀ àwọn èèyàn, kí àwọn ọlọ́pàá tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó ń lò ó. Ó wá gbà pé ẹni tó bá mọ gíláàsì ọkọ̀ ti mọ gbogbo gíláàsì tí Ọlọ́run dá.

Ìdúnàádúrà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tíńtì tún jẹ́ ìtàn tirẹ̀. Iye ọjà wà lára ògiri, ṣùgbọ́n Bàbá Bondo gbà pé ẹni tó kọ iye sára ògiri ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni, kò tíì parí rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tajà fi tíńtì kan hàn án.

"Bàbá, èyí máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù dé ìdajì."

"Ó dáa. Ìdajì owó ni màá san nígbà náà, nítorí ìdajì ni mo máa rí."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mú òmíràn jáde. "Èyí kò ní àwọ̀ rárá. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, síbẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn pa aṣọ láwọ̀, ó sì máa ń lé ooru padà."

"Ohun tí n ò ní rí, kí n wá sanwó rẹ̀? Ọmọ mi, inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ti ń ṣe ìyẹn."

Khatuna, ọmọbìnrin rẹ̀, ń gbé ilé gíga tuntun ní Saburtalo, gíláàsì ilé náà bẹ̀rẹ̀ láti àjà dé ilẹ̀, ó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Lọ́sàn-án, bọ́tà máa ń ṣàn kúrò nínú abọ́. Bàbá Bondo gbé tíńtì dúdú tó ṣẹ́kù nínú ti ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo rẹ̀. Ooru dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ jòjòló Khatuna gbà pé ilẹ̀ ti ṣú, ó sun gbogbo ọ̀sán, ó sì jí nígbà tí àwọn tó kù fẹ́ sùn. Kò pẹ́ tí Khatuna fi pe bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò tíì sùn.

"Bàbá, ẹ wá tú u. Gíláàsì méjì ni wọ́n pa pọ̀ síbí yìí, àwọn tó kọ́lé sọ pé irú tíńtì tí ilé tuntun bíi tiwa ń lò yàtọ̀. Ẹ bá mi ra èyí tó ń lé ooru, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé."

Bàbá ha ti dúdú kúrò, ó fi omi ọṣẹ lẹ èyí tó mọ́lẹ̀. Ilé tutù, ọmọ sùn lálẹ́.

"Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ nìyí, Bàbá."

"Mo mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ yẹn ni mo fẹ́ mọ bóyá ó lè mọ ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru. Kò mọ̀ ọ́n. Ẹ tọ́jú rẹ̀."

Murtaz gbọ́ pé ilé Khatuna ti tutù, ó wá bá Bàbá Bondo pé kó fún òun ní èyí tó ṣẹ́kù.

"Ìwọ tó fẹ́ wó ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

"Títí a ó fi wó o, ẹ̀gbọ́n, ooru ń pa mí."

Tíńtì dúdú ló ṣẹ́kù. Bàbá Bondo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì búlúù Murtaz, èyí tó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn kan apá ibẹ̀, ohun kan dún gbàà! Ìyá Tsiala dojú bolẹ̀, ó rò pé ogun tó jà ní ìlú náà nígbà kan rí ti padà dé. Nígbà tó gbórí sókè, ó rí gíláàsì búlúù náà tó ti là láti igun dé igun.

"Ó ti fẹ́ fọ́ tẹ́lẹ̀," Bàbá Bondo wí. "Ọjọ́ ló ń wá."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Murtaz na ìka sí gíláàsì náà. "Ẹ rí i? Gíláàsì tó ti gbó, igi tó ti gbó, bàbá tó ti gbó. Mo ń pe àwọn oníke."

Bàbá Bondo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tíńtì. Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé fún un pé dúdú máa ń gbé ooru mì ni: àárín gíláàsì á gbóná, etí rẹ̀ tó wọnú igi á tutù, gíláàsì àtijọ́ tó fẹ́lẹ́ kò sì lè gba ìyẹn mọ́ra. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá Bondo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tán láì dúnàádúrà.

Kò tan iná nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ojú sì ń ro àwọn ará àgbàlá. Nígbà tó tún tàn án, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Tekle ti kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń yí padà láti ọjọ́ pípẹ́, pé kò fi bẹ́ẹ̀ bú ẹnikẹ́ni mọ́, pé ó ń rántí nǹkan. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ìwo sókè, ó ní:

"Mo gbé e fún Murtaz. Nígbà òtútù tí kò sí iná mànàmáná ní gbogbo ìlú, tí ọmọ Tsiala ń wú ikọ́, ọmọkùnrin yìí gé tábìlì ilé ara rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó di igi rẹ̀ jọ, ó gbé e síwájú ilẹ̀kùn Tsiala, ó sì sá lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni mo rí i."

Ọmọ tó ń wú ikọ́ nígbà yẹn ni ìyá Tekle. Lórí àtẹ̀gùn, Ìyá Tsiala yíjú sí Murtaz díẹ̀díẹ̀.

"Ẹni mímọ́ kan ṣoṣo ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí igi yẹn láti ọdún yẹn wá. Ìwọ ni?"

Murtaz ń wo bàtà rẹ̀. "Tábìlì yẹn ò lẹ́sẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, Màmá."

Ìyá Tsiala wọlé, ó gbé búrẹ́dì oníwàràkàṣì tó gbóná jáde, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀, ó ní, "Jẹ ẹ́ kó tó tutù, ọ̀bàyéjẹ́."

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Bondo ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó tọrọ ègé tíńtì oríṣiríṣi ní ṣọ́ọ̀bù, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ó sì gbé àga sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi gbogbo ará ilé jókòó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

"Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ làágùn, kó pariwo!"

"Yéè!" Murtaz ké.

"O ò tíì jókòó!"

"Ṣé ìgbà tí mo bá jókòó ni ooru máa mọ̀ mí ni?"

Òun ni wọ́n fi sẹ́yìn gíláàsì lásán. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn tíńtì onídígí kò làágùn, ṣùgbọ́n ó ráhùn pé iyàrá ti dà bí ojú ọjọ́ tí òjò ṣú. Ẹ̀yìn èyí tí kò ní àwọ̀ rárá ni Ìyá Tsiala wà. Ó sùn lọ. Nígbà tí wọ́n jí i, ó ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, kò tíì dá òun lójú.

Tekle jókòó sẹ́yìn gíláàsì pupa tí wọ́n lẹ tíńtì aláìláwọ̀ yẹn mọ́. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí itan rẹ̀, ó ń wò ó. Ìmọ́lẹ̀ pupa náà ṣì ń bọ̀ sórí aṣọ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń bọ̀, ó rọra ń rìn bí oòrùn ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n kò jó o mọ́. Ó fẹ́ sọ ọ́ jáde, ó wá ń ṣa ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Nígbà tó rí i, ó kàn ní, "Àwọ̀ rẹ̀ ò lọ."

Bàbá Bondo yíjú sí àwọn tó kù bí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá láre. "Ẹ gbọ́! Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀. Tó bá ti lè sọ̀rọ̀, òótọ́ ni."

Nígbà tí ọkùnrin oníke dé pẹ̀lú àwòrán fèrèsé rẹ̀, wọ́n fi í jókòó sídìí tábìlì lábẹ́ igi inú àgbàlá. Olúkúlùkù sọ tẹnu rẹ̀. Ìyá Tsiala ní òun ò fẹ́. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Murtaz. Murtaz wo òkè, ó wo gíláàsì búlúù tó là, tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù mú pọ̀.

"Tíńtì ò lè dí afẹ́fẹ́ òtútù," ó wí.

"Kò lè dí i," Bàbá Bondo gbà.

"Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dí àlàfo igi wọ̀nyẹn kó tó di ìgbà òtútù. Èmi mọ̀ ọ́n ṣe." Ó yíjú sí àlejò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú. A ò wó o mọ́."

Ọkùnrin náà ò bínú. Bàbá Bondo ti gbé ìwo lé e lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, fún àwọn òbí rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀, fún ike pàápàá. Orin ló ń kọ lọ sílé, kó sì tó lọ, ó ti béèrè irú tíńtì tó máa dára fún ilé ìyá tirẹ̀.

Bàbá Bondo kú ní ìgbà ìkórè àjàrà tó kọjá. Murtaz ni wọ́n fi ṣe tamada níbi oúnjẹ ìsìnkú. Ó dìde, ó gbàgbé gbogbo ohun tó fẹ́ sọ, ó fa ikùn rẹ̀ wọlé, ikùn náà kọ̀, gbogbo èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣì wà lókè orí wọn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń da pupa àti búlúù sórí aṣọ tábìlì.

Ṣùgbọ́n Tekle, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń ro ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ikú bàbá náà. Tíńtì onídígí ti gbó, ó ti wú léròrò, Bàbá Bondo sì pè é kó wá bá òun ha á kúrò, kí wọ́n lè lẹ èyí tí kò ní àwọ̀ bíi ti gbogbo ilé. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, omi ọṣẹ ń kán. Bí ègé kan ṣe ń já, àgbàlá túbọ̀ ń mọ́lẹ̀ níwájú wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí," bàbá wí láì wò ó, "o bi mí ní nǹkan kan nígbà kan."

Ojú Tekle gbóná. Ó ń ha gíláàsì lọ.

"N ò mọ̀," bàbá wí. "Títí o fi bi mí, n ò mọ̀ rárá. Mo wọlé, mo jókòó, ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ Khatuna, kí n má padà wá mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo mú ọ̀bẹ, mo fẹ́ ha gbogbo rẹ̀ dànù. N ò tíì tan iná, mo sì ń rí ìta. Mo rí Tsiala àti Murtaz lórí àtẹ̀gùn, àwọn méjì tí kì í kí ara wọn. Wọ́n fara ti ara wọn, wọ́n jọ ń wòkè, wọ́n ń retí mi."

Ó fa ègé tó kẹ́yìn kúrò, ó sì fi apá nu gíláàsì náà.

"Mo bá lọ wá ṣòkòtò wọ̀, mo sì tan iná."